Ẹ ka àwọn tí iṣẹ́ wọn ń sú náà mọ́ wa: lẹ́tà ṣíṣí sí WHO àti ILO

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti ní Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé (ILO),

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mi ò wá bá yín jà rárá. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tipẹ́, ẹ̀yin ló sì yẹ kí n sọ ọ́ fún, torí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ kí ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ tó gbà pé nǹkan ọ̀hún wà lóòótọ́. Ohun tẹ́ ò bá kà, kò sẹ́ni tó máa bá wa kà á.

Kò síbi táwọn òṣìṣẹ́ máa jókòó sí tí ìbéèrè yìí ò ní jáde, pé èwo ló burú jù, ṣé iṣẹ́ tó ń súni ni àbí iṣẹ́ tó kún fún tẹnṣàn. Ẹni tí iṣẹ́ ń lé kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀ á ní ká ní òun lè ríṣẹ́ tóun á kàn jókòó tì, kí wọ́n ṣáà máa sanwó lóṣooṣù, ó parí. Ẹni tó jókòó látàárọ̀ tí ò rí nǹkan gidi kan ṣe á wá máa wo ẹni yẹn pé ìwọ ò mọ̀ pé o ń gbádùn, iṣẹ́ tìẹ ṣì ń jẹ́ kó o mọ̀ pé o wà láyé. Èmi ti ṣe méjèèjì, mi ò sì ní fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: lójú tèmi, iṣẹ́ tó ń súni ló burú jù, pàápàá níbi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti lẹ́nu rárá nínú bí òun ṣe máa ṣe é. Màá ṣàlàyé ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, màá sì sọ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti iṣẹ́ tẹnṣàn ná, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé mò ń fojú kéré ohun tójú wọn ń rí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ṣe ìṣirò tẹ́ ẹ gbé jáde ní 2021, pé lọ́dún 2016 nìkan, èèyàn 745,000 ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ẹ ní ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tiẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Ẹnu mi wọlẹ̀ nígbà tí mo kà á. Ó dáa gan-an bẹ́ ẹ ṣe ṣírò ẹ̀, torí kó tó dìgbà yẹn, tẹ́nì kan bá ṣubú lulẹ̀ nídìí iṣẹ́, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọjọ́ ẹ̀ ló pé. Lórílẹ̀-èdè Japan, irú ikú yẹn ti wọ́pọ̀ débi pé ó lórúkọ tiẹ̀, wọ́n ń pè é ní karoshi, wọ́n sì ṣòfin lé e lórí ní 2014.

Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù kọ́sítọ́mà. A máa ń gbé ẹ̀rọ kan bọ etí, kọ̀ǹpútà á wà níwájú wa, bọ́ọ̀dù ńlá kan á wà lára ògiri tó ń sọ iye èèyàn tó wà lórí láìnì tí wọ́n ń dúró, tí nọ́ńbà yẹn bá sì ti pọ̀ jù á di pupa. Bí fóònù kan ṣe ń parí ni òmíì ń wọlé, kò sáyè kéèyàn mí kanlẹ̀. Ẹni tó ń pariwo lórí fóònù ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi ni màá gba èébú tó yẹ kí ẹlòmíì gbà, màá sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn torí wọ́n ń gbọ́ wa, wọ́n sì ń ka ìṣẹ́jú tá a lò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Téèyàn bá fẹ́ dìde lọ sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì kan wà tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Mo máa ń délé tí ohùn àwọn èèyàn yẹn ṣì ń dún létí mi, oorun ò ní kùn mí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀.

Ara èèyàn ò sì mọ̀ bóyá ẹranko ló ń lé òun àbí kọ́sítọ́mà. Ohun kan náà ló máa ṣe: adrenaline, èròjà tí ara ń tú jáde tí àyà bá já, á tú sínú ẹ̀jẹ̀, cortisol tóun náà jẹ́ irú ẹ̀ á tẹ̀ lé e, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè. Tó bá jẹ́ ti ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, ìdí tí Ọlọ́run fi dá a mọ́ wa nìyẹn. Ìgbà tó bá di ojoojúmọ́ tí ara ò ráyè padà sípò ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tí mi ò lè gbàgbé. Tí mo bá yanjú ọ̀rọ̀ ẹnì kan tán tó dúpẹ́, mo máa ń mọ̀ pé mo ṣe nǹkan. Àwa tá a jọ wà níbẹ̀ mọ ara wa, tí ọ̀rọ̀ bá le lórí fóònù ẹnì kan, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á ṣẹ́jú sí i, ìyẹn nìkan á ti tó. Tí mo bá sì sọ nílé pé ó rẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló rẹ̀ mí, gbogbo wọn rí i lójú mi.

Ibi tí mo lọ lẹ́yìn ẹ̀ ni mo ti wá rí nǹkan míì.

Ọ́fíìsì jẹ́jẹ́ ni, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wò ó bóyá orúkọ tó wà nínú fáìlì kan bá èyí tó wà nínú fáìlì kejì mu. Ó máa ń bá a mu. Iṣẹ́ òòjọ́ yẹn ò tó wákàtí méjì, àmọ́ wákàtí mẹ́jọ la gbọ́dọ̀ lò ńbẹ̀, a ò sì gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan míì, kò sí ìwé kíkà, kò sí fóònù, kò sí pé kéèyàn dìde lọ bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, torí pé tí ọ̀gá bá ń kọjá, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ọwọ́ wa dí. Béèyàn ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń díbọ́n nìyẹn. Màá ṣí fáìlì tí mo ti parí, màá fa máòsì lọ sókè, màá fà á wá sísàlẹ̀ kí ojú kọ̀ǹpútà má bàa ṣókùnkùn, màá wo aago tó wà nígun ìsàlẹ̀ níbẹ̀, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, màá wá ṣe bí ẹni ń ka nǹkan, màá ka orúkọ kan náà lọ kà á bọ̀, ó máa dà bíi pé ó ti pẹ́ gan-an, màá tún wo aago yẹn, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú ẹ̀ rí ò lè mọ bó ṣe ń rẹni tó. Ó máa ń rẹ̀ mí ju ìgbà tí mò ń gba fóònù lọ, torí ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń ṣiṣẹ́ ò sinmi, kò sì ṣiṣẹ́. Tí mo bá wá sọ nílé pé ó rẹ̀ mí, wọ́n á ní kí lo ṣe tó rẹ̀ ẹ́? Mi ò lésì kankan tí mo lè fọ̀ torí òótọ́ ni, mi ò ṣe nǹkan kan. Ojú sì máa ń tini láti ṣàròyé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ bí nǹkan míì, wọ́n á ní kéèyàn máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn ò sọ iṣẹ́ náà di nǹkan míì.

Obìnrin kan wà tá a jọ ń jókòó, ó ti pẹ́ ńbẹ̀ kí n tó dé. Ó mọ ìṣirò débi pé á ti ro nọ́ńbà pọ̀ lórí kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán sórí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé fọ́ọ̀mù àyè iṣẹ́ kan wá, iṣẹ́ owó, nǹkan tó bá a mu wẹ́kú, inú mi dùn, mo sáré mú un wá fún un. Ó kà á tán, ó ní òun ò lè ṣe irú ẹ̀ mọ́, pé ọpọlọ òun ò já fáfá bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rọra dá fọ́ọ̀mù náà padà sórí tábìlì mi láì kọ nǹkan kan sí i, ó ṣí fáìlì ẹ̀ padà. Iṣẹ́ yẹn ò pa á, kò gbé e dé ọsibítù, ìfúnpá ẹ̀ ò lọ sókè tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kó gbà pé òun ò wúlò fún nǹkan míì láyé yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka àwọn tí iṣẹ́ pa lára, ibo lẹ máa kọ obìnrin yìí sí?

Ìdí tí mo fi ní ó burú jù nìyẹn. Iṣẹ́ tẹnṣàn máa ń pariwo. Ara á sọ fún èèyàn, àwọn ará ilé á sọ fún un, dókítà á sọ fún un, ọjọ́ kan á sì wà tó máa ní ó tó gẹ́ẹ́, yálà ó kúrò níbẹ̀ o, àbí wọ́n gbé e kúrò. Iṣẹ́ tó ń súni kì í sọ nǹkan kan. Kò sí ọjọ́ kan nínú ẹ̀ tó burú débi téèyàn á ní ti òní yìí ló jẹ́ kí n kúrò. Owó ń wọlé, ara le, èèyàn lè wà ńbẹ̀ títí á fi fẹ̀yìn tì, ìgbà tó bá fẹ́ lo nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa tó rí i pé kò sí lọ́wọ́ òun mọ́.

Àwọn kan á ní ṣé jíjókòó lásán náà ló wá di ìyà. Ní 2014, Timothy Wilson àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Virginia l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní kí kálukú wọnú yàrá lóun nìkan fún ìṣẹ́jú 15, kò sí fóònù, kò sí ìwé, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀ tí iná máa gbé e tó bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì ti jẹ́ kí iná yẹn gbé wọn wò kí wọ́n tó wọlé, kódà àwọn èèyàn náà ti sọ pé àwọn lè sanwó kó má tún gbé àwọn mọ́. Síbẹ̀, ọkùnrin 12 nínú 18 ló tẹ bọ́tìnnì náà fúnra wọn, obìnrin 6 nínú 24 náà tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lèyí o. Iná tó ń gbéni sàn lójú wọn ju kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀ lọ.

Ẹ tún wo ìwádìí Annie Britton àti Martin Shipley ní London. Ní 2010 wọ́n padà lọ wo ìdáhùn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba 7,524 tí wọ́n ti bi láàárín 1985 sí 1988 pé báwo ni nǹkan ṣe ń sú wọn tó, wọ́n wá wo àwọn tó ti kú nínú wọn títí di 2009. Àwọn tó ní nǹkan ń sú àwọn gan-an ló kú jù, pàápàá àrùn ọkàn ló pa wọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí o: nígbà tí wọ́n fi ipò wọn níbi iṣẹ́, bí ara wọn ṣe le tó tẹ́lẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣeré ìdárayá sí tó kún ìṣirò náà, ìyàtọ̀ yẹn dín kù gan-an, àwọn tó ṣèwádìí náà fúnra wọn ní ó lè jẹ́ pé nǹkan míì ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé ìsúni nìkan dá pààyàn. Àmọ́ ẹ wo àwọn tí nǹkan ń sú jù nínú ìwádìí yẹn, àwọn tó wà nípò ìsàlẹ̀ pọ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń sọ fún pé ṣe báyìí, jókòó síbí, má ṣe tọ̀hún.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn. Ní 1967 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní London, àwọn tó lé ní 17,000, ìwádìí Whitehall (orúkọ àdúgbò tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà níbẹ̀) tí dókítà Michael Marmot wá fi di ẹni mímọ̀ káàkiri. Ohun tí gbogbo èèyàn rò nígbà yẹn ni pé àwọn ọ̀gá pátápátá ni àrùn ọkàn máa pa jù, torí àwọn ni gbogbo ẹrù wà lórí wọn, ẹjọ́ gbogbo, mítìn gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ìránṣẹ́ àtàwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ló ń kú, ikú tiwọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá. Sìgá wà nínú ẹ̀, ìfúnpá wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tó láti fi ṣàlàyé gbogbo ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ èkejì ní 1985 pẹ̀lú èèyàn 10,308, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n rí i pé ohun pàtàkì kan tó wà ńbẹ̀ ni bí òṣìṣẹ́ ṣe láṣẹ tó lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

Robert Karasek, tó ń ṣèwádìí nípa iṣẹ́, tiẹ̀ ti sọ irú ẹ̀ ní 1979. Ó ní ká má wo bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nìkan, ká wo àṣẹ tí ẹni tó ń ṣe é ní. Iṣẹ́ lè pọ̀ kí àṣẹ sì wà lọ́wọ́ ẹni, ìyẹn máa ń kọ́ni lọ́gbọ́n, kódà tó bá ń rẹni. Ó lè pọ̀ kí àṣẹ má sí, ìyẹn lèyí tó ń ṣe jàǹbá, ibi tí mo ti ń gba fóònù nìyẹn. Ó sì lè má pọ̀, kí àṣẹ tún má sí, Karasek ní irú iṣẹ́ yẹn máa ń jẹ́ kí ohun téèyàn mọ̀ kú mọ́ ọn nínú, tí kò fi ní fẹ́ dá sí nǹkan mọ́, àní lẹ́yìn iṣẹ́ pàápàá. Nígbà tí mo ka ìyẹn, obìnrin tó dá fọ́ọ̀mù padà yẹn ni mo rántí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, tí wọ́n sì ń gbádùn ẹ̀. Ẹni tó ń tọ́mọ, ẹni tó ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lálẹ́, iṣẹ́ tí ò ní gbogbo ọkàn ló bá wọn lára mu, wọ́n fẹ́ kí nǹkan kù nínú àwọn tí wọ́n bá délé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ máa rí i pé àwọn fúnra wọn ló yàn án, wọ́n sì ráyè nínú ẹ̀, wọ́n lè kàwé tí iṣẹ́ bá tán, wọ́n lè lọ sílé. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ àti iṣẹ́ òfo kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àwọn kan tún wà tí méjèèjì já lé lórí pa pọ̀, àwọn yìí ni ọ̀rọ̀ wọn ń ká mi lára jù. Ẹ wo ẹni tó ń ṣọ́ fídíò kámẹ́rà lóru. Ojú kọ̀ǹpútà pọ̀ níwájú ẹ̀, ilẹ̀kùn ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ni, kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ ńbẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ mójú kúrò, torí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó bá fojú fo nǹkan ni wọ́n máa bi í léèrè ẹ̀. Ó ń sú u, àyà ẹ̀ sì ń já, lẹ́ẹ̀kan náà. A ti mọ ibi tó ń yọrí sí tipẹ́tipẹ́. Olùṣèwádìí kan, Norman Mackworth, gbé ìwádìí jáde ní 1948 nítorí àwọn tó ń ṣọ́ radar, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó wà lókèèrè hàn, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, ó ní kí àwọn èèyàn jókòó fún wákàtí méjì kí wọ́n máa wo ọwọ́ aago kan tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ, kí wọ́n sọ ọ́ tó bá ta lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń fojú fo ti ń pọ̀ sí i. Wọn kì í ṣọ̀lẹ o, bí ọpọlọ èèyàn ṣe rí nìyẹn. Ó ti ju àádọ́rin ọdún lọ tá a ti mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbé èèyàn síwájú kámẹ́rà látàṣálẹ́ di ìdájí láì sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá wá fojú fo nǹkan, wọ́n á ní kò fọkàn síṣẹ́.

Ẹ̀yin ILO, ìwé àdéhùn yín àkọ́kọ́ pàá, ti 1919, wákàtí ló dá lé: wákàtí 8 lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀. Nǹkan ńlá lẹ ṣe nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà láàyè torí ẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, wákàtí ló ṣì ń gba iwájú. Ẹ̀yin WHO, nígbà tẹ́ ẹ ṣàlàyé burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ gbé èèyàn tán, sínú ICD-11, ìwé tẹ́ ẹ fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ní 2019, tẹ́ ẹ ní kì í ṣe àìsàn, pé ohun tó ń wá látinú tẹnṣàn ibi iṣẹ́ tí wọn ò bójú tó ni, ẹ sọ pé okun èèyàn á tán, ọkàn ẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ náà, á sì máa rò pé òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka mẹ́ta yẹn padà kẹ́ ẹ sọ fún mi èwo nínú wọn ni ò ṣe obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, tẹnṣàn nìkan ni ò sí ńbẹ̀, ìyẹn ni ò ṣe sí ìlà kankan tí wọ́n lè kọ orúkọ ẹ̀ sí.

Mi ò ní ẹ ò mọ̀. Ní 2022 nígbà tẹ́ ẹ ń ka àwọn nǹkan tó lè kó bá ọpọlọ òṣìṣẹ́, ẹ fi kí iṣẹ́ má lo ohun téèyàn mọ̀ ọ́n ṣe sí i, inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Ẹ tún sọ pé 12 bílíọ̀nù ọjọ́ iṣẹ́ ló ń ṣòfò lọ́dọọdún káàkiri ayé nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wa, apá tó jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ń lò nílòkulò àti apá tó jẹ́ ti àwọn tí wọn ò lò rárá. Lọ́dún yẹn kan náà, ILO fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu tó sì dáa fún ìlera kún ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ń gbé ẹ̀tọ́ yẹn dání bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Àwọn ilé ẹjọ́ kan tiẹ̀ ti ń ṣíwájú yín. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílùú Paris dá òṣìṣẹ́ kan láre tó ní wọ́n gba gbogbo iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ òun, wọ́n fi òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ara òun ò fi yá mọ́, ilé ẹjọ́ sì ní ìyà ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá tún máa ṣe ìṣirò bíi ti 2021, ẹ má bi wá ní wákàtí nìkan. Ẹ bi wá pé ṣé iṣẹ́ yín ń lo ohun tẹ́ ẹ mọ̀? Ẹ bi wá pé ṣé ẹ lẹ́nu nínú bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, ṣé ẹ lè yí nǹkan kan padà ńbẹ̀ láì kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta? Kẹ́ ẹ sì bi wá pé ṣé ó ń di dandan kẹ́ ẹ máa díbọ́n pé ọwọ́ yín dí? Ẹ bi ẹni tó ń gba fóònù, ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ kámẹ́rà, ẹ bi ẹni tó ń wo fáìlì, ìbéèrè kan náà fún gbogbo wọn, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé wọn fún ọdún púpọ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ London yẹn, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe ara àti ọpọlọ wọn.

Lákòókò tẹ́ ẹ bá ṣì ń kà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín fún àwọn ilé iṣẹ́ pé ẹni tó bá ti parí iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó kọ́ nǹkan míì, àbí kó bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, àbí kó máa lọ sílé, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan pé kó jókòó máa fa máòsì. Kí ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan máa rí ẹni gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó pé ìdajì wákàtí, kó dìde rìn, kó ṣe iṣẹ́ míì kó tó padà síbẹ̀. Kí ẹni tó ń gba fóònù sì lè já fóònù lé ẹni tó ń bú u láì jẹ́ pé wọ́n máa yọ ọ́ lára owó ẹ̀. Gbogbo èyí ò ná ilé iṣẹ́ kankan ní nǹkan tó lè dá a dúró.

Mò ń retí èsì yín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè yẹn, mo ṣe tán láti dáhùn tèmi, àwọn tá a jọ jókòó ní ọ́fíìsì yẹn náà á dáhùn.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ kan tó ti ṣe méjèèjì